Lẹ́tà Ẹyọ Kan

Ọyẹ́ ti da eruku sórí kíbọ́ọ̀dù mi ní Gárkì,
mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbọ̀n ọ́n nù
nígbà tí obìnrin kan wọlé.
Obìnrin kan: mi ò tíì mọ̀ ọ́n ni.
Obìnrin náà jókòó, ó tú etí ìró rẹ̀,
ó mú ìwé tó ti ká sí mẹ́rin jáde:
"Bá mi tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kóòtù ló ní kí n mú un wá."

Fẹ̀hìntọ́lá lorúkọ rẹ̀, ará Ọ̀fà.
Ọkọ rẹ̀, Jìmọ̀, awakọ̀ tánkà,
ló jáde nílé ní Nyanya lọ́jọ́ Àlàmísì,
kò kọjá Tafa.
Èdè wa ló fi kọ ọ́, gbólóhùn kan péré:
Èmi ni ìyàwó olóògbé.
Ó parí. Ta ló tún kù tó ń bèèrè?

Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹ̀ṣọ́ báńkì,
kò jẹ́ kí "wife" dá wọlé.
Ó ní: ta ló mú ọ wá? "A" ni àbí "the"?

Mo rántí Màláámà Asabe ní Zaria,
tó ń fi Haúsá ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì,
tí àwa ọmọ Yorùbá ẹ̀yìn kíláàsì ń fi inú túmọ̀ rẹ̀:
"Ẹ má fojú wò ó, etí ni kí ẹ fi gbọ́.
'An hour', torí 'h' ti sùn.
'A university', torí 'yú' ni ẹnu pè.
Ẹni tí ẹ ò bá pàdé rí, ẹ fún un ní 'a'.
Bó bá padà wá, 'the' ni, ó ti dojúlùmọ̀."
Máàkì mọ́kànléláàádọ́ta ni mo gbà.
Kò kọ́ wa ní ti opó.

"Mà," mo ní, "ìyàwó mélòó ni Bàbá ní?"
"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Tẹ ohun tí mo kọ."
Mo ní ẹ má bínú, Gẹ̀ẹ́sì ló ń bèèrè.
Bí mo bá fi "the" síbẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni.
Bí mo bá fi "a" síbẹ̀, àyè ṣì kù lórí ẹní.

Jẹnẹrétọ̀ ń kùn. Ọmọ ẹlẹ́pà kan yọjú, ó lọ.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ní mọ́ṣúárì," ó ní, "obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ńṣì,
ó pọn ọmọ. Rakiya, ará Sùléjà.
Imú Jìmọ̀ ni imú ọmọ náà.
A ò jà. Ó fún mi lómi, mo mu ún."

Mo tẹ "the".
Mo pa á rẹ́.
Mo tẹ "a".
Ó dá dúró lójú kọ̀ǹpútà, kò ju hóró ata lọ.

Ó ní kí n kà á. Mo kà á.
"Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn lédè wa?"
Mo wá a títí, mo ní:
"Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó olóògbé."
"Ó ti gùn jù," ó ní. "Tiwọn kúrú.
Fi tiwọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ jẹun."

Mo kọ owó, ó fi igba náírà sábẹ́ kíbọ́ọ̀dù,
ó so ìró rẹ̀, ó bọ́ sínú eruku.

Alẹ́ ni mo tún un kà tí mo rí àṣìṣe mi:
mo gbàgbé láti fún "deceased" ní "the".
Jìmọ̀ dúró níta gbólóhùn,
kò sí ẹni tó mú un wọlé.
Mi ò ní nọ́ńbà obìnrin náà.
Bí mo bá tiẹ̀ ní in, mi ò rò pé n óò pè é.